Pátákó Àkọlé, Ọ̀dà àti Rọ́ọ̀lù Fínílì: Ìtàn Iṣẹ́ Kan ní Agbègbè Gouka

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn, àwọn ọba, ogun, àdéhùn àti ọjọ́ òmìnira ni a sábà máa ń sọ fún wọn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àkọsílẹ̀ mìíràn wà tí a ń kọjá lára wọn lójoojúmọ́, tí a kì í kà sí ìtàn: àkọlé orí ìsọ̀ aránṣọ, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ lára ògiri, pátákó tó ń fi ọ̀nà ilé ìwòsàn hàn, aṣọ gbọọrọ tí wọ́n ta sójú títì nígbà ìbò. Ẹni tó bá gba títì láti Savalou wá sí Gouka, tó sì ń bá a lọ sí Bantè, ìwé kan tí ẹnikẹ́ni kò dì pọ̀ ni ó ń kà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn àwọn tó ń kọ ìwé náà. Mo sì fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí ohun kan tó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan: rọ́ọ̀lù fínílì, bí a ṣe ń gbé e, ibi tí a ń fi í sí, àti ohun tó ń bà á jẹ́. Ìdí ni pé, lójú tèmi, kọ̀ǹpútà kọ́ ló yí iṣẹ́ yìí padà jù lọ. Ibi ìkẹ́rùsí ni.

Kí fínílì tó dé, ọ̀dà ni ọba iṣẹ́ náà. Láyé àwọn amúnisìn, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti Yúróòpù máa ń kó páànù tí wọ́n ti kọ orúkọ ọjà wọn sí wá láti òkè òkun, wọn a sì kàn án mọ́ ògiri ìsọ̀. Ní Èkó, ọdún 1928 ni wọ́n dá West African Publicity sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà tó padà di Lintas. Ṣùgbọ́n aránṣọ, onígbàjámọ̀, oníṣègùn àti atúnkẹ̀kẹ́ṣe kò lágbára àti pe irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ àdúgbò tí ọwọ́ rẹ̀ gún ni wọ́n ń lọ. Báyìí ni iṣẹ́ akọpátákó ṣe gbilẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Àwọn kan nínú wọn di olókìkí. Ní Onitsha, Augustin Okoye, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Middle Art, ń kọ pátákó fún àwọn oníṣòwò. Ulli Beier, ará Jámánì tó ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ní Òṣogbo, sì wà lára àwọn tó mú orúkọ rẹ̀ tàn kálẹ̀. Ní Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà, Kwame Akoto, tí a bí ní 1950, fi Almighty God pe ibi iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ náà sì di tirẹ̀. Ní Kinshasa, Chéri Samba bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn akọpátákó ní 1972, ó sì dá ibi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1975. Níhìn-ín nílé wa, Cyprien Tokoudagba ti Abomey, tí a bí ní 1939, ti ń ya àwòrán sára ògiri ilé òrìṣà tipẹ́ kí àwọn ará Paris tó rí iṣẹ́ rẹ̀ níbi àfihàn Magiciens de la Terre ní 1989, àfihàn kan náà tí Chéri Samba kópa nínú rẹ̀. Àwọn kan yóò sọ pé Tokoudagba kì í ṣe akọpátákó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kan náà ni, ògiri tí oòrùn ń pa kan náà ni, ojú ẹni tó ń kọjá lọ kan náà ni wọ́n sì ń wá.

Ẹ wo ohun tí irú oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ nílò: agolo ọ̀dà mẹ́rin tàbí márùn-ún, búrọ́ṣì tín-ín-rín àti èyí tó fẹ̀, okùn tí a fi ẹfun pa láti fa ìlà tó gún, àti kẹrosíìnì láti fọ búrọ́ṣì. Gbogbo rẹ̀ gba inú àpò kan lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Oníbàárà ló ń mú pákó tàbí páànù wá. Kò sí ọjà tó ń sùn. Bí iṣẹ́ kò bá sí, akọpátákó a gba oko lọ. Ọ̀dà inú agolo, bí ó bá ti dé e dáadáa, yóò dúró dè é títí di ẹ̀yìn ìkórè. Ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ̀yin òǹkàwé fi sọ́kàn: gbogbo ohun tí oníṣẹ́ náà ní, ọwọ́ rẹ̀ àti ojú rẹ̀ ló wà.

Ìjọba náà lo ọ̀dà. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, tí wọ́n sì kéde ètò Marx àti Lenin ní Abomey ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1974, orí ògiri àti pátákó ni ọ̀rọ̀ ìyípadà náà ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í gbọ́ rédíò. Ní ọdún kan gééré lẹ́yìn náà, Dahomey di Orílẹ̀-èdè Olómìnira ti Àwọn Ènìyàn ilẹ̀ Benin, a sì ní láti tún orúkọ kọ sára ilé ìjọba gbogbo. Nígbà tí àpérò orílẹ̀-èdè wáyé ní Kùtọnu ní oṣù kejì ọdún 1990, tí a sì fọwọ́ sí òfin tuntun ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún náà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú jáde, ìbò ọdún 1991 sì mú aṣọ funfun gbọọrọ wá sójú títì, èyí tí a ń pè ní banderole. Ọ̀dà náà ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tó bá ní búrọ́ṣì nígbà náà kò jókòó lásán. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1994, a gé owó séefà sí méjì: faransé kan tó jẹ́ 50 di 100. Ohun gbogbo tó ti òkè òkun wá wọ́n, ọ̀dà pẹ̀lú wọn.

Fínílì fúnra rẹ̀ ti dàgbà ju bí a ti rò lọ. Ará Faransé kan, Henri Victor Regnault, ló kọ́kọ́ kíyè sí ohun funfun líle kan nínú ìgò tí oòrùn ti pa, ní àwọn ọdún 1830. Ní 1872, ará Jámánì Eugen Baumann tún bá a pàdé. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí a lè fi í ṣe, nítorí ó le, ó sì máa ń fọ́. Ní 1926, Waldo Semon, tó ń ṣiṣẹ́ fún B. F. Goodrich ní Amẹ́ríkà, fi àwọn èròjà kan pò ó mọ́ iná, ó sì rọ̀ bí awọ. Àwọn èròjà amúnirọ̀ wọ̀nyí náà ni yóò dá wàhálà sílẹ̀ fún wa níwájú. Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ti H. Joseph Gerber, ọmọ tí a bí ní Vienna ní 1924, tó sì dé Amẹ́ríkà ní 1940 nígbà tí àwọn Júù ń sá fún Hitler. Ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ló mú ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀bẹ gé lẹ́tà lára fínílì jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gún ti lè kọ lẹ́tà tó gún. Ní àwọn ọdún 1990, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó fẹ̀ tún dé, èyí tí ń tẹ àwòrán àti ọ̀rọ̀ pọ̀ sórí fínílì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀nà méjì ni fínílì ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa: èbúté Kùtọnu, àti Èkó, níbi tí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ti lókìkí. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnu ibodè láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ọ̀nà kejì yìí há. Láti Kùtọnu sí Gouka ju 200 kìlómítà lọ. Ọ̀nà yìí sì ni ìṣòro àkọ́kọ́.

Oríṣi méjì ló yẹ kí a mọ̀ yàtọ̀. Èkíní ni fínílì alẹ̀mọ́, tí àwọn Faransé ń pè ní autocollant: fínílì tín-ín-rín lójú, gọ́ọ̀mù lẹ́yìn rẹ̀, àti bébà dídán tó bo gọ́ọ̀mù náà. Èyí tí a ń gé lẹ́tà lára rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ ní 61 sẹ̀ǹtímítà. Èyí tí a ń tẹ̀ lè tó 137 tàbí 152. Èkejì ni bâche, tí ẹnu wa sọ di báàṣì: aṣọ onírin-ín-rín okùn tí fínílì bo lójú àti lẹ́yìn, tó lè fẹ̀ tó mítà 3,20. Àádọ́ta mítà ni gígùn rọ́ọ̀lù sábà máa ń jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣe ní kíláàsì: bí mítà onígun mẹ́rin kan báàṣì bá wúwo tó 440 gírámù, rọ́ọ̀lù mítà 3,20 ní àádọ́ta mítà yóò wúwo ju 70 kìló lọ. Ó ju àpò sìmẹ́ńtì lọ, ó sì gùn ju ènìyàn méjì tí ó fẹsẹ̀ kan ara wọn nílẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò na ara tán. Rọ́ọ̀lù alẹ̀mọ́ mítà 1,37 kò ju bíi 20 kìló lọ, àmọ́ òun ló ẹlẹgẹ́ jù.

Rọ́ọ̀lù yìí ń rìn lórí ọkọ̀ akérò, láàárín àpò àgbàdo àti ewúrẹ́. Awakọ̀ a ju okùn lé e, a fà á le. Ibi tí okùn ti fún un yóò tẹ̀ wọnú, àpá náà á sì wọ ìpele mẹ́wàá tàbí ogún, tó fi jẹ́ pé ní gbogbo ìyípo rọ́ọ̀lù ni oníṣẹ́ yóò máa bá ìlà kan náà pàdé. Bí ìyókù rẹ̀ bá yọ sẹ́yìn ọkọ̀ láìsí ohun tó gbé e, yóò tẹ̀ bí ọrun, ọ̀pá páálí tó wà ní àárín á ṣẹ́. Rọ́ọ̀lù tí ọ̀pá àárín rẹ̀ ti ṣẹ́ kì í yí geere mọ́ lórí ẹ̀rọ. Ó ń yí bí táyà tó ní jàgànjàgàn, lẹ́tà a sì ya wíwọ́. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń so ó mọ́ pákó gígùn kan kí wọ́n tó gbé e sórí ọkọ̀, tí wọ́n sì ń fi àkísà sí abẹ́ okùn.

Nígbà tó bá délé, níbo ni a ó fi í sí? Níhìn-ín ni àṣà wa gan-an ti ń tàn wá jẹ. Àwa mọ bí a ṣe ń tọ́jú ohun tí a ká. Ẹní ni a fi kọ́ ọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó ká ẹní, a ó fi tì í sí igun ilé, ó parí. Ẹni tó kọ́kọ́ ra rọ́ọ̀lù fínílì, bí ẹní ló ṣe ń ṣe é: ó ń fi í ti ògiri, tàbí ó ń tò wọ́n lé ara wọn bí igi ìdáná. Ṣùgbọ́n fínílì kì í ṣe ẹní. Ẹní ń gbàgbé. Bí o bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó tún di títẹ́jú. Fínílì kì í gbàgbé. Èyí tí a fi ti ògiri yóò tẹ̀ ní àárín díẹ̀díẹ̀. Èyí tí a tẹ́ sílẹ̀, ìwúwo ara rẹ̀ yóò sọ ìhà ìsàlẹ̀ rẹ̀ di pẹrẹsẹ. Èyí tí a gbé òmíràn lé ní ìdábùú, àpá yóò wà níbi tí wọ́n ti kan ara wọn. Gọ́ọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ìwúwo, ó ń fi ibì kan sílẹ̀ fún ibòmíràn, nígbà tí a bá sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ tàbí dígí, a ó rí ojú rẹ̀ bí omi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

Ọ̀nà méjì ló dára. Kí a kì irin gbọọrọ bọ inú ọ̀pá páálí rẹ̀, kí a sì fi irin náà kọ́ sórí ìkọ́ méjì lára ògiri, tó fi jẹ́ pé ojú fínílì kò kan ohunkóhun. Tàbí kí a fi í sílẹ̀ nínú páálí tó bá wá, kí a gbé e dúró ṣánṣán, pẹ̀lú ìdérí oníke ní orí àti ìdí rẹ̀ kí etí rẹ̀ má baà kan ilẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ń fẹ́ ògiri tó lágbára, èkejì ń fẹ́ àyè. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa lè fi irin ṣe ìkọ́ tó dára ju èyí tí wọ́n ń tà ní Kùtọnu lọ, mo sì ti rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣòro ni ògiri: ọ̀pọ̀ ìsọ̀ jẹ́ bíríkì amọ̀ tí sìmẹ́ńtì kàn bò lójú, irin tó ru 70 kìló kò sì ní pẹ́ jábọ́ lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́n a ri òpó méjì mọ́lẹ̀ dípò kíkàn án mọ́ ògiri.

Ojú ọjọ́ wa ni ọ̀tá kejì. Àwọn tó ń ṣe fínílì máa ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí a tọ́jú rẹ̀ sí ibi tí ooru rẹ̀ jẹ́ bíi dígírì 20 àti ọ̀rinrin tó jẹ́ ìdajì, kí a sì lò ó láàárín ọdún kan sí méjì. Ní oṣù kẹta, ní agbègbè Collines, ooru máa ń kọjá dígírì 35 lábẹ́ igi. Kí ẹ wá ronú abẹ́ páànù tí kò ní àjà. Nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, àwọn èròjà amúnirọ̀ tí Semon fi pò ó yóò bẹ̀rẹ̀ sí kúrò níbi tí wọ́n wà. Fínílì a sún kì, gọ́ọ̀mù a yọ jáde ní etí rọ́ọ̀lù. Gọ́ọ̀mù yẹn dà bí àtè tí àwọn ọmọdé fi ń mú ẹyẹ: ohun gbogbo tó bá fò kọjá ló ń mú. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa ló ń mú. Eruku náà yóò sì bá rọ́ọ̀lù wọnú ẹ̀rọ.

Òjò ní tirẹ̀, bébà ẹ̀yìn ló ń bá jà. Bébà ń mu ọ̀rinrin, ó ń gùn sí i. Fínílì tó wà lójú rẹ̀ kì í gùn. Àwọn méjèèjì kò wá ṣe ọ̀kan mọ́, etí rẹ̀ a máa gbé sókè bí etí bùrẹ́dì tó gbẹ. Nígbà ọyẹ́, òdì kejì ló ń ṣẹlẹ̀: bébà gbẹ, ó sún kì, rọ́ọ̀lù ká gbagidi, fínílì sì kó iná mànàmáná tó ń ta ni lọ́wọ́ tó sì ń fa irun àti òwú mọ́ra. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ gbé rọ́ọ̀lù wá sínú yàrá tí ẹ̀rọ wà ní ọjọ́ kan gbáko kí a tó lò ó, kí òun àti yàrá náà lè mọ ara wọn. Ikán pẹ̀lú ń bẹ. Ikán kò ka fínílì sí, ṣùgbọ́n páálí ni oúnjẹ rẹ̀, bébà sì ni ọbẹ̀. Rọ́ọ̀lù tí a gbé dúró sórí ilẹ̀ amọ̀ láàárín oṣù méjì lè di ohun tí kò ní ẹsẹ̀ mọ́.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn wà tí ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ lónìí dípò bí a ṣe ń di búrọ́ṣì mú. Kí ó fi ìbọ̀wọ́ òwú di rọ́ọ̀lù mú, nítorí òróró ìka kì í jẹ́ kí yíǹkì mú. Bí ó bá gé e tán, kí ó ká a padà kí ó le, ojú síta, kí ó fi bébà alẹ̀mọ́ dì í; rọ́bà tí a fi ń di owó yóò fi àpá sí i. Kí ó kọ ọjọ́ tí ó wọlé sára páálí, kí èyí tó kọ́kọ́ dé sì kọ́kọ́ jáde. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ kan, kí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó fi ike bò ó lójú, torí òórùn yíǹkì tó wà nínú rẹ̀ yóò ba gọ́ọ̀mù jẹ́ bí a bá sé e mọ́.

Mo wá padà sí ohun tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohun ìní akọpátákó ayé ọjọ́un wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì lè bàjẹ́ ní òru. Ti oníṣẹ́ òde òní wà ní igun ìsọ̀, ó ń dàgbà, ó sì ń kú. Pupa àti búlúù ń lọ kíá. Ewéko, òfèéfèé àti àwọ̀ wúrà lè jókòó fún ọdún méjì. Síbẹ̀, bí kò bá ní wọn, oníbàárà á kọjá lọ sí Savalou. Ẹni tó ní owó kékeré ló ń jìyà èyí jù, nítorí òun ni òrùlé rẹ̀ kéré, òun ni ògiri rẹ̀ rọ̀, òun ni rọ́ọ̀lù rẹ̀ ń pẹ́ jù kí ó tó tán. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ kékeré kò fi ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá rárá. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣètò iṣẹ́, wọ́n ń fi tẹlifóònù ránṣẹ́ sí ìlú ńlá, báàṣì tí a ti tẹ̀ á sì bá ọkọ̀ padà wá. Fínílì alẹ̀mọ́ tí a ń gé nìkan ló ń sùn lọ́dọ̀ wọn. Àwọn mìíràn ń ra á ní mítà ní mítà lọ́wọ́ ara wọn. Mo rò pé a lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn baba wa mọ èésú, wọ́n sì mọ ọ̀wẹ̀. Kí ni kò jẹ́ kí ìsọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín Gouka àti Bantè jọ ra àwọ̀ tí kì í yá, kí wọ́n sì jọ kọ́ yàrá kan tó ní àjà láti tọ́jú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan kù tó kan ẹgbẹ́ wa gan-an, nítorí èdè ni a fi ṣe ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ àkọlé ojú títì wa jẹ́ ti èdè Faransé. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti kọ Yorùbá, tàbí Ìṣà tiwa, ọwọ́ tó di búrọ́ṣì mú kò ní ìṣòro pẹ̀lú àmì abẹ́. Ó kọ e tán, ó fi ṣóńṣó búrọ́ṣì kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó di ẹ. Ẹ̀rọ agélẹ́tà kò rí bẹ́ẹ̀. Àmì yìí, tí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lò ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ìpàdé Èkó ọdún 1875 sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, di ìyọnu níwájú ọ̀bẹ. Bí lẹ́tà bá ga ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, àmì abẹ́ rẹ̀ kò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ bá ń ṣí ìyókù fínílì kúrò láàárín àwọn lẹ́tà, àmì náà ló ń kọ́kọ́ bá ìyókù lọ. Ó rẹ̀ ẹ́, ó fi í sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà pàápàá kò ràn án lọ́wọ́: ẹ́ kò ní ààyè kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú ètò lẹ́tà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Unicode, a ní láti to àmì pọ̀, ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà sì ń gbé àmì náà sí ibi tí kò yẹ. Báyìí ni ọkọ̀ ṣe ń di oko lójú títì. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó jọ wọ́n tí n kò ní kọ síhìn-ín. Àwọn àgbà mọ̀ ọ́n.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìjọba Benin ti wá ojútùú sí i láìmọ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì èdè abínibí tí wọ́n ṣe ní 1975, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1990, kò lo àmì abẹ́ fún Yorùbá. Ó lo ɛ àti ɔ, ó sì fi sh rọ́pò ṣ. Lẹ́tà odindi ni wọ́n. Kò sí ohun tó lè bá ìyókù fínílì lọ. Èmi ń kọ ti Crowther nínú ìwé ìròyìn yìí, nítorí mo fẹ́ kí àwọn ará Ìbàdàn àti Kétu lè kà á láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń gé lẹ́tà ní Gouka bá bi mí léèrè, n ó sọ fún un pé kí ó lo ɛ àti ɔ, kí ó sì fi ọkàn balẹ̀.

Àkọlé fínílì kì í pẹ́ bí ti ọ̀dà orí ògiri. Báàṣì tí oòrùn ń pa lójoojúmọ́ kì í sábà ju ọdún díẹ̀ lọ kí àwọ̀ rẹ̀ tó ṣá. A ń ká a kúrò, a fi í bo igi, a fi í di ojú fèrèsé, a tẹ́ ẹ sábẹ́ kajú nígbà ìkórè. Kò burú. Èyí tó burú ni sísun ún, nítorí èéfín fínílì ní ásíìdì tó ń jó ojú àti ọ̀nà ọ̀fun. Òfin ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2017 tó lòdì sí àpò ọ̀rá kò kan báàṣì, torí náà kò sí ẹni tó ń gbà á padà.

Fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ fi àkọlé ṣe ìwádìí, mo fi àmì díẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣirò ọdún. Ibi tí ẹ bá ti rí orúkọ Dahomey gẹ́gẹ́ bí orúkọ orílẹ̀-èdè, ó ti wà ṣáájú ìparí ọdún 1975. République Populaire du Bénin wà láàárín ìgbà náà àti ọdún 1990. Bí nọ́ńbà tẹlifóònù bá jẹ́ ẹyọ mẹ́jọ, wọ́n ti kọ àkọlé náà kí ó tó di ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọjọ́ tí a fi 01 sí iwájú gbogbo nọ́ńbà ní ilẹ̀ Benin. Ẹ fi ọwọ́ kan 01 náà bí ẹ bá lè dé ibẹ̀. Lára pátákó ọ̀dà, búrọ́ṣì ni wọ́n sábà fi fún un mọ́ àlàfo. Lára ti fínílì, ẹ ó rí ègé kékeré kan tí a gé lára àjákù tí ó ti pẹ́ nínú ìsọ̀, tí pupa rẹ̀ kò bá pupa ìyókù dọ́gba, tí etí rẹ̀ sì ti ń gbé sókè.